Igi máńgòrò kan, ọmọ igi méjì: ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ṣírò ẹ̀

Ó ti lé lóṣù mẹ́ta báyìí tí wọ́n ti gé igi máńgòrò iwájú ilé wa, látìgbà yẹn ni mo ti fẹ́ kọ nǹkan nípa ẹ̀, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Apá Ọ̀jọ́ọ̀ ni mò ń gbé n'Íbàdàn, ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ̀ pé oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe ti eré. Igi yẹn tóbi débi pé àgbàlagbà méjì gbọ́dọ̀ nawọ́ síra wọn kí wọ́n tó lè gbá ìdí ẹ̀ mọ́ra. Abẹ́ ẹ̀ ni Ìyá Alákàrà máa ń dáná sí láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán bọ̀dá fọkanáísà á gba ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfẹ́ táyà ẹ̀, àwọn ọlọ́kadà á wá jókòó tì í, àwọn ọmọ iléèwé á máa ju òkúta sí máńgòrò, wọ́n á bú wọn, wọ́n á sá lọ, wọ́n á tún padà wá. Irú ibi bẹ́ẹ̀ yẹn ṣá.

Láńlọ́ọ̀dù wa fẹ́ da íńtálọ́ọ̀kì síwájú ilé. Wọ́n ní ewé igi ń kún orí páànù, gbòǹgbò ẹ̀ sì ti ń gbé fẹ́ǹsì. Kì í ṣe irọ́ o, fẹ́ǹsì yẹn ti là lóòótọ́, mi ò lè tìtorí igi kí n purọ́ mọ́ni. Àárọ̀ Sátidé kan ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì ìgégi dé, kó tó di aago mẹ́wàá igi ti wà nílẹ̀ gbọọrọ, àwọn tó ń ra igi ìdáná ti ń ná ẹ̀ka lówó. Mo lọ bá bàbá, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo ní igi yìí dùn mí o sà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé torí igi lo ṣe fajú ro báyìí? A máa gbin méjì dípò ẹ̀, àwọn igi masquerade tó rẹwà yẹn." Wọ́n sì gbìn ín lóòótọ́, wọn ò yẹ àdéhùn. Ọmọ igi méjì, tín-ín-rín bí ìka mi, wọn ò ga tó orúnkún.

Ọ̀kan lọ, méjì dé. Téèyàn bá fojú ìwé ìṣirò wò ó, èrè la jẹ. Ohun tó gbé mi wọ íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá méjì ju ọ̀kan lọ lóòótọ́ tó bá dọ̀rọ̀ igi.

Àṣé wọ́n ti bá wa ṣírò ẹ̀ tipẹ́. Láàárín 1991 sí 1994, US Forest Service, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó igbó ìjọba l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wo igi inú ìlú Chicago fínnífínní, kí wọ́n lè mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe gan-an. David Nowak wà lára àwọn tó ṣe é. Ó rí i pé igi ńlá tára ẹ̀ le, tí ìdí ẹ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 77 lọ, ń gba ìdọ̀tí bíi kílò 1.4 kúrò nínú afẹ́fẹ́ lọ́dún kan. Igi kékeré tí ìdí ẹ̀ ò tó sẹ̀ǹtímítà 8 ńkọ́? Kílò 0.02 péré. Ẹ pín in wò. Ìlọ́po àádọ́rin.

Ó túmọ̀ sí pé láńlọ́ọ̀dù wa ṣì jẹ wá ní igi méjìdínláàádọ́rin (mi ò tíì sọ fún wọn o, mi ò tíì rí ilé mìíràn kó lọ).

Mo mọ̀ pé Chicago kì í ṣe Ọ̀jọ́ọ̀, igi tiwọn kì í sì í ṣe máńgòrò, ẹ má tìtorí ẹ̀ bá mi jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò ta kókó rárá, ewé ni gbogbo ẹ̀. Ara ewé ni eruku ń lẹ̀ mọ́, ewé ló ń dí oòrùn, ewé ló ń gba òjò kó tó balẹ̀. Ká ka iye igi tó wà nílẹ̀ ò sọ nǹkan kan fúnni, iye ewé tó wà lókè lorí ni kéèyàn wò. Ẹ wá wo masquerade yẹn dáadáa, ó lè ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan o, àmọ́ gbogbo ẹ̀ka ẹ̀ ló dorí kodò tó lẹ̀ mọ́ ọn lára bí eégún tó ti wọ agọ̀, òun nìkan ló ń ṣíji bo ara ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dín àkàrà lábẹ́ masquerade. Àti pé mo ti máa ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé igi tó bá ti dàgbà ti ń sinmi nìyẹn, ó ti ń jẹ pẹ́ńṣọ̀n, ká jẹ́ kí kékeré bọ́ síbẹ̀. Irọ́ ni. Ní 2014 àwọn onímọ̀ kan gbé iṣẹ́ jáde nínú Nature, ìwé ìwádìí sáyẹ́ǹsì, irú igi 403 ni wọ́n yẹ̀ wò káàkiri ayé, wọ́n ní nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn, bí igi bá ṣe ń tóbi sí i ni ohun tó ń fi kún ara ẹ̀ lọ́dọọdún ń pọ̀ sí i. Kábọ̀n inú afẹ́fẹ́ ló sì fi ń kọ́ ara yẹn.

Lọ́sàn-án Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n gé e, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo rí nǹkan tí mi ò lè gbàgbé. Bọ̀dá fọkanáísà ti gbé àpótí ẹ̀ sínú òjìji òpó iná. Òjìji òpó iná o, tí ò fẹ̀ ju èjìká èèyàn lọ. Ọlọ́kadà méjì tò sẹ́yìn ẹ̀ lójú ìlà kan náà, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì bí ẹni tó fẹ́ gbowó ní báńkì, bí òjìji yẹn ṣe ń sún làwọn náà ń gbé àpótí sún. Mo kí wọn, bọ̀dá ní, "Ẹ ò rí i, aago la di yìí." Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò dé ikùn.

Ooru yẹn ni gbogbo ìwádìí ayé ti ń sáré lé báyìí. Nǹkan méjì ni igi ń ṣe sí ooru. Àkọ́kọ́, ó ń dí oòrùn kó má ba à jó ọ̀dà títì àti sìmẹ́ńtì, torí àwọn yẹn á gba ooru mu lọ́sàn-án, wọ́n á wá máa pọ̀ ọ́ sí wa lára lálẹ́ nígbà tí NEPA ti múná lọ. Ìkejì, igi ń làágùn. Gbòǹgbò á fa omi láti ìsàlẹ̀, ewé á tú u sáfẹ́fẹ́, bí omi yẹn ṣe ń gbẹ lójú ewé ló ń bá ooru lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé pẹ̀lú ìyá àgbà tó ní àmù amọ̀ nílé, ẹ rántí bí ìdí àmù ṣe máa ń rin, tí omi inú ẹ̀ á sì tutù ju ti ike lọ? Iṣẹ́ kan náà ni. Igi máńgòrò yẹn, àmù ńlá kan ló dúró síwájú ilé wa, wọ́n sì fọ́ ọ.

Ní 2023 àwọn olùwádìí kan tó fi Barcelona ṣe ibùdó gbé iṣẹ́ kan jáde nínú The Lancet, ìwé ìwádìí ìṣègùn. Ìlú 93 ní Yúróòpù ni wọ́n wò. Wọ́n ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2015, ikú tó lé ní 6,700 ló wáyé ṣáájú àsìkò torí pé inú ìlú gbóná ju ìgbèríko tó yí i ká lọ. Tí igi bá ṣíji bo ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ìlú wọ̀nyẹn, wọ́n ṣírò ẹ̀ pé ooru máa fi dígírì 0.4 dín, tí 2,644 nínú àwọn èèyàn yẹn ò sì ní kú. Dígírì 0.4! Nǹkan tí èmi máa fojú kéré pátápátá. Yúróòpù lèyí o, níbi tó jẹ́ pé oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń rí ooru lọ́dún.

Ìwádìí igi ìlú ò kúkú bẹ̀rẹ̀ báyìí. Láyé àtijọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ igi inú ìlú, ẹwà ni, kí títì lè dùn ún wò tí gómìnà bá ń kọjá. Lẹ́yìn náà ni olùwádìí kan, Roger Ulrich, wá gbé tiẹ̀ dé ní 1984. Ó lọ tú fáìlì àwọn aláìsàn 46 ní ọsibítù kan ní Pennsylvania, àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún láàárín 1972 sí 1981, 23 ń wo igi látojú fèrèsé, 23 tó kù ń wo ògiri bíríkì. Àwọn tó ń wo igi tètè relé, oògùn ìrora tó le ò sì wọ̀ wọ́n lára tó ti àwọn oníbíríkì. (Ọsibítù tí wọ́n dá bàbá mi dúró sí lọ́dún ìyẹn, jẹnẹrétọ̀ ni fèrèsé wọn kọjú sí. Ẹ jẹ́ n dákẹ́.) Ìgbà tó yá ọ̀rọ̀ di ti owó, ní 2006 wọ́n gbé i-Tree jáde, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó wọn igi ìlú yín, ẹ ó kó o sínú ẹ̀, á sọ iye dọ́là tí iṣẹ́ igi yẹn tó lọ́dún fún yín. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ tán. Mo mọ̀ pé ó wúlò téèyàn bá fẹ́ wọ ọ̀fíìsì kọmíṣánnà tó jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ló ń gbọ́, àmọ́ ẹ bi bọ̀dá fọkanáísà iye tó máa ta òjìji máńgòrò wò, ẹ ó rí i bó ṣe máa wò yín.

Èyí tó gbá mi létí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti Geoffrey Donovan, 2013. Gbogbo èèyàn ń wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ téèyàn bá gbin igi, òun wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí igi kú. Kòkòrò kan wà tó ti Éṣíà wá, emerald ash borer, ọdún 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lágbègbè Detroit l'Amẹ́ríkà. Igi ash ló máa ń jẹ, igi ash ló sì pọ̀ lẹ́bàá títì wọn, kí wọ́n tó ṣẹ́jú ó ti pa bí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Donovan àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kó àkọsílẹ̀ ikú jọ ní ìpínlẹ̀ 15, láti 1990 dé 2007. Níbi tí kòkòrò yẹn dé, àwọn tí àìsàn ọkàn àti òpójẹ̀ pa fi 15,080 ju iye tó yẹ kó jẹ́ lọ, àwọn tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró pa fi 6,113. Kò sẹ́ni tó lè búra pé igi tó kú ló fà á tààrà o, irú ìwádìí yìí ò lè fi bẹ́ẹ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀yà kúrò nínú ẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀.

Báyìí wọ́n ti ń béèrè pé ta ló ni òjìji. Ní Amẹ́ríkà láyé 1930, iléeṣẹ́ ìjọba kan ya máàpù, wọ́n fi pupa yí àdúgbò tí wọn ò fẹ́ kí báńkì yá lówó ilé ká, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù. Ní 2020 wọ́n wo ìlú 108 níbẹ̀, àdúgbò tí wọ́n fi pupa yí ká nígbà yẹn ṣì fi bíi dígírì 2.6 gbóná ju àwọn tó kù lọ. Máàpù ti rẹ̀ tán, ooru ẹ̀ ò rẹ̀. Ẹ gun òkè Màpó ẹ wo Ìbàdàn tiwa náà. Bẹẹrẹ, Ọjẹ́, Ọjà'ba, páànù tó ti dógùn-ún ni lọ súà, igi ibẹ̀ ṣeé kà lọ́wọ́. Ẹ wá wakọ̀ wọ Jẹ́ríkò, Ìyágankú àti Agodi GRA, níbi táwọn òyìnbó kọ́ ilé sí fún ara wọn nígbà ìjọba amúnisìn, ẹ ó rí igi tó ti pàdé ara wọn lókè títì. Kò sẹ́ni tó yí Bẹẹrẹ ká ní pupa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ ṣáà wò ó.

Ohun tí mo wá fẹ́ fà yọ nípé àwa náà ní orúkọ fún nǹkan yìí. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi pe urban forest, igbó inú ìlú, igbó àárín ìgboro, kò dùn lẹ́nu mi. Àfi bí mo ṣe rántí Igbó Ilé. Nígbà ogun láyé àwọn baba wa, àwọn ìlú tí ọ̀tá ń yọ lẹ́nu máa ń jẹ́ kí igbó dí gan-an yí odi ìlú ká, èèwọ̀ ni kéèyàn gé igi ńlá inú ẹ̀, torí ààbò ìlú ni. Ìdí ogun ni wọ́n fi ṣe é o, kì í ṣe ti kábọ̀n, àmọ́ ìlú tó mọ̀ pé igi ń bẹ tó jẹ́ ti gbogbo wa, tó sì ń ṣiṣẹ́ láì kúrò lójú kan, kì í ṣe ìlú tó ń dúró de òyìnbó kó wá kọ́ òun. Láàárín ọjà àti níwájú ààfin náà, ọdán ni wọ́n máa ń gbìn, nítorí òjìji lásán ni. Kò sẹ́ni tó ń jẹ èso ọdán.

Igbó tó ṣẹ́ kù tó tóbi jù nítòsí mi ni ti IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, téèyàn bá kọjá Ọ̀jọ́ọ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́. 1967 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ilẹ̀ wọn tó hẹ́kítà 1,000, oko ló pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi apá kan sílẹ̀ láìro, igbó sì padà wá fúnra ẹ̀, bíi hẹ́kítà 350. Ẹyẹ kan ń gbé ibẹ̀ tí orúkọ ìlú wa wà lára orúkọ ẹ̀, Ibadan Malimbe, gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà yìí nìkan ló wà láyé. Tí ẹ bá wọ Máíkírà kọjá lẹ́bàá fẹ́ǹsì wọn lọ́sàn-án, ẹ sọ gíláàsì sílẹ̀, ẹ ó mọ ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀ lára atẹ́gùn kẹ́ ẹ tó fojú rí i. Ti Òṣogbo náà wà níbẹ̀, igbó Ọ̀ṣun, hẹ́kítà 75, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005, ó lé ní irú ewéko 400 tí wọ́n rí nínú ẹ̀, èyí tó lé ní 200 nínú ẹ̀ ló jẹ́ oògùn. Ìlú ti dé ẹnu ibẹ̀ tán. Ìbẹ̀rù òrìṣà ló dá a sí.

Ẹ má rò pé kò ṣeé ṣe láti gbìn ín láti ọmọ igi o. Ní Rio, ní Brazil, wọ́n gé igbó orí òkè Tijuca fún oko kọfí títí omi ìlú fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ní 1861 ọba Pedro Kejì ní kí wọ́n tún un gbìn, Manuel Gomes Archer ni wọ́n fi ṣe olórí, ọdún mẹ́tàlá ló fi ṣe é, àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì ń bẹ̀rẹ̀ gbẹ́lẹ̀. Orúkọ mẹ́fà ló kù lákọsílẹ̀: Eleutério, Constantino, Manuel, Mateus, Leopoldo àti Maria. Mi ò ríbi tí wọ́n kọ ìlú tí wọ́n ti kó wọn sí. Igbó yẹn wà láàárín Rio títí dòní. Ṣé ẹ rí i, ó ṣeé ṣe, àmọ́ ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi gbìn ín, ó wá ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti ń dàgbà láti ìgbà yẹn. Láńlọ́ọ̀dù wo ló ní sùúrù yẹn?

Igi náà kì í ṣe áńgẹ́lì o, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Irú àwọn igi kan máa ń tú nǹkan sáfẹ́fẹ́ nígbà ooru, tí yóò bá èéfín mọ́tò pọ̀ di ozone tó ń ta ọ̀fun. Ní Berlin, lásìkò ooru tó mú ní July 2006, wọ́n ṣírò ẹ̀ pé láwọn ọjọ́ kan ewéko ló lọ́wọ́ nínú bíi ìdá 60 lára ọgọ́rùn-ún ozone tó hù. Òògùn ẹ̀ ni kéèyàn dín èéfín mọ́tò kù, kì í ṣe kó gé igi. Téèyàn bá sì gbin igi jọ ní títì tóóró tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì há mọ́ lápá méjèèjì, èéfín lè há sábẹ́ ewé. Torí náà, irú igi wo, níbo, ìbéèrè tó le ni, ó sì yẹ ká máa bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. A ní wọn níbí o: iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, FRIN, Jẹ́ríkò ló wà látọdún 1954, UI ti ń kọ́ni nípa igbó láti 1963, àwọn FUTA l'Ákùúrẹ́ sì ti wọn ooru ìgboro Àkúrẹ́ mọ́ ti ìgbèríko ẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ka ìwádìí àgbáyé, Amẹ́ríkà, Ṣáínà àti Yúróòpù ló kún ibẹ̀, tiwa ò tó nǹkan. Igi Chicago ni mo fi ṣírò gbèsè láńlọ́ọ̀dù Ọ̀jọ́ọ̀, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ti omi ńkọ́? Ọmọ Ìbàdàn ò lè gbàgbé Ògùnpa, 31 August 1980, àti ti 26 August 2011 náà. Kì í ṣe igi nìkan lọ̀rọ̀ yẹn o, pàǹtírí inú odò àti ilé tí wọ́n kọ́ dí ojú omi lágbára níbẹ̀ jù. Àmọ́ èmi ti rí kékeré ẹ̀ nílé. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn íntálọ́ọ̀kì, omi tó máa ń wọ ìdí máńgòrò lọ tẹ́lẹ̀ gba ẹnu géètì jáde, ó gbé igi ìdáná Ìyá Alákàrà lọ, wọ́n rí méjì he ní ìsàlẹ̀ àdúgbò.

Ní 2015 Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣètò àfojúsùn mẹ́tàdínlógún fún ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́, nínú ìkọkànlá wọ́n ní tó bá fi máa di 2030, kí gbogbo èèyàn, pàápàá obìnrin, ọmọdé, arúgbó àti aláàbọ̀ ara, ní ibi gbangba tó ní ewéko tí wọ́n lè dé. Ọ̀gbẹ́ni kan, Cecil Konijnendijk, wá sọ ọ́ di nọ́ńbà tó rọrùn ní 2021, 3-30-300: kéèyàn rí igi mẹ́ta láti fèrèsé ẹ̀, kí òjìji igi bo ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àdúgbò, kí ibi ìgbafẹ́ eléwéko má jìnnà ju mítà 300 lọ. Mo gbé tèmi yẹ̀ wò. Tẹ́lẹ̀ mo ní ọ̀kan. Báyìí odo ni, àyàfi tí mo bá yọrí síta kí n tó rí masquerade méjèèjì, ọ̀kan sì ti rọ torí kò sẹ́ni tó ń bu omi sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ ọmọ mi, mo rí i pé etí kùkùté máńgòrò yẹn, níbi tí íntálọ́ọ̀kì ò dé, ti rúwé. Ọ̀mùnú mẹ́rin, ewé wọn ṣì pọ́n bí èyí tí wọ́n fi epo kùn. Mo bi bọ̀dá fọkanáísà bóyá bàbá ti rí i. Ó ní bàbá ti rí i, wọ́n ní káwọn wá da kẹrosíìnì sí i. Ó ní òun sọ fún wọn pé òun máa bá wọn dà á. Ó wá fẹsẹ̀ ti táyà Máíkírà kan tó ti jẹ tán sún mọ́ kùkùté yẹn, ó gbé e lé e, ó yí ọ̀mùnú yẹn ká déédéé, ó wá bu omi tó fi ń wá ibi tí táyà ti jò, ó dà á síbẹ̀.

"Táyà wà lórí ẹ̀," ó ní. "Ta ló máa mọ ohun tó wà nínú ẹ̀?"